Nígbà tí awọ di àwọ̀n: ọwọ́ onílù lórí ìlù oníná

Ọ̀rọ̀ ìlù ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti oríkì Àyàn, kì í sì í ṣe ti bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ igi ìlù. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni. Bí ọwọ́ tó ti mọ ìlù aláwọ bá dé orí ìlù oníná, kí ló yẹ kó yí padà? Kí ló yẹ kó dì mú? Kí sì ni kò ní lè bá a dé ibẹ̀ rárá?

Ìdí tí mo fi ń béèrè kò ṣòroó rí. Ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ti ń gbé ìlù jáàsì kúrò nílẹ̀, wọ́n ń fi ìlù oníná rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan ṣe é nítorí pé ariwo jáàsì ń bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Àwọn kan ṣe é nítorí àwọn ará àdúgbò. Àwọn míì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní òdìkejì títì ti rà á ni. Ohun méjì tó tìdí rẹ̀ yọ ló dé etí mi. Ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń lu jáàsì láti kékeré sọ fún mi pé, “Prof, ẹ gbà mí o, ọwọ́ yìí fẹ́ kú.” Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń dùn ún láti ìgbà tí ìlù tuntun ti dé, àwọn ará ìjọ sì ń kùn pé ìlù rẹ̀ kò ní ẹ̀mí mọ́. Ní Oǹdó, ìgbìmọ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan rí bọ́tìnnì kan lára ìlù tuntun wọn tó ń mú ohùn dùndún jáde. Wọ́n wá ń bi ara wọn pé, kí ni àwọn tún ń sanwó fún baba onídùndún sí? Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijẹ. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ eré nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mò ń lọ. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni ìlù oníná máa ń bi ọwọ́ onílù: báwo lo ṣe lù ú le tó? Ibo lo lù? Ìgbà wo lo lù ú? Ohun yòówù tí ọwọ́ bá mọ̀ tó ju mẹ́ta yìí lọ, ẹ̀rọ náà kò béèrè rẹ̀, bí ọwọ́ bá sì sọ ọ́, ẹ̀rọ kò gbọ́. Inú èyí ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó kù ti wá.

Ohun tó wà lábẹ́ páàdì

Lórí ìlù aláwọ, bí igi bá kan awọ, awọ á gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú ìlù á gbọ̀n, ara ìlù pàápàá á gbọ̀n. Ìgbọ̀nrìrì yẹn gan-an ni ìró tí à ń gbọ́. Ìlù oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ páàdì rẹ̀, nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ bí owó ẹyọ. Ní 1880, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques Curie àti Pierre Curie, ṣàwárí pé àwọn òkúta dídán kan wà tó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ wọ́n, iná díẹ̀ máa ń jáde lára wọn. Iṣẹ́ kan náà ni nǹkan pẹlẹbẹ yìí ń ṣe. Bí igi bá kan páàdì, iná tín-ín-rín á jáde, á gba inú wáyà lọ sínú àpótí tí àwọn onílù ń pè ní ọpọlọ ìlù. Àpótí náà á wọn bí iná yẹn ṣe pọ̀ tó, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, á wá mú ìró tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde.

Láti 1983 ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ orin ti fẹnu kò lórí èdè kan tí ẹ̀rọ lè fi bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, MIDI ni wọ́n pè é. Nínú èdè yìí, bí lílù ṣe le tó máa ń bọ́ sí àárín 1 sí 127. Ìlù tó rọrùn jù lọ á gba 1, èyí tó le jù lọ á gba 127. Kò sí 128. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, a máa nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé igi onílù kò dá ìró sílẹ̀ mọ́. Ó kàn ń ránṣẹ́ pe ìró ni.

Báwo lo ṣe lù ú le tó?

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Simmons ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé SDS-V jáde ní 1981, ike líle ni ojú páàdì rẹ̀. Ó rẹwà, ó ní igun mẹ́fà, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn onílù fi ń ráhùn nípa ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá wọn. Ní 1997, Roland ti ilẹ̀ Japan gbé ìlù V-Drums jáde, wọ́n sì fi àwọ̀n tí a fà le bí awọ bo ojú páàdì rẹ̀. Ibẹ̀ ni awọ ti di àwọ̀n, ara sì tu ọ̀pọ̀ onílù. Ṣùgbọ́n páàdì onírọ́bà ṣì pọ̀ lára àwọn ìlù tí owó wọn kò pọ̀ jù, símbálì oníná pàápàá sì sábà máa ń jẹ́ rọ́bà.

Kí ló fà á tí rọ́bà fi ń dun ọwọ́? Awọ máa ń rì díẹ̀ bí igi bá bà lé e, ó máa ń gba lára agbára náà mọ́ra. Rọ́bà líle kì í rì bẹ́ẹ̀. Agbára tí kò ríbi gbé, ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an ló ń padà sí, ìyẹn ni ọrùn ọwọ́.

Mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin Àkúrẹ́ yẹn bó ṣe ń lù. Ọwọ́ tó fi ń lu jáàsì nígbà tó ń bá ogójì akọrin figagbága láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ṣì fi ń lu rọ́bà. A tan ojú àpótí náà kí a lè máa rí nọ́ńbà. Kí la rí? 127, 127, 127, 127. Ìró kan náà tó pariwo jù lọ ni àpótí ń fún un lẹ́yìn gbogbo lílù. Ẹ wá wò ó: ìrora ọwọ́ rẹ̀ àti ìkùnsínú ìjọ, ohun kan náà ló bí méjèèjì. Ó ń lù kọjá ibi tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Èyí tó kù lẹ́yìn 127, ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń fi lù. Nítorí pé kò sí ńlá kò sí kékeré nínú ohun tó ń jáde, ẹ̀mí kò lè sí níbẹ̀. Ẹ̀mí ìlù, ìyàtọ̀ láàárín ńlá àti kékeré ni. Ẹni tó bá ti tẹ́tí sí olóògbé Tony Allen, onílù Fẹlá tó kú ní 2020, mọ ohun tí mò ń wí: àwọn ìlù wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi sáàárín àwọn ńlá ló ń mú ara jó.

Àtúnṣe rẹ̀ pín sí méjì. Àpótí la kọ́kọ́ bá wí. A dín bó ṣe ń yára gbọ́ kù, títí tí lílù tó le jù lọ lọ́wọ́ ọmọ náà fi ń bọ́ sí nǹkan bí 110. A sì sọ ẹnu ọ̀nà àpótí náà kalẹ̀, kó má baà máa gbé àwọn ìlù wẹ́ẹ́rẹ́ mì. Lẹ́yìn náà la tó kan ọwọ́. Kó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di igi mú, kí àwọn ìka tó kù kàn máa tẹ̀ lé e. Kó jẹ́ kí igi padà sókè fúnra rẹ̀, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́ páàdì. Kó máa lù láti ibi gíga mẹ́rin: sẹ̀ǹtímítà 5, 10, 20, 30, kó sì máa wo nọ́ńbà títí tí ọwọ́ á fi lè mú ọ̀kọ̀ọ̀kan láìwò. Bí ìjọ bá ní ìlù kò dún tó, kì í ṣe apá onílù ló máa yanjú ìyẹn mọ́. Ẹni tó wà nídìí míkísà ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́. Bí ìrora bá ṣì wà lẹ́yìn gbogbo èyí, ilé ìwòsàn ló kàn o, kì í ṣe róòbù nìkan.

Ibo lo lù?

Ojú awọ kan ṣoṣo, ìró inú rẹ̀ kò lóǹkà. Àárín rẹ̀ wúwo, etí rẹ̀ ń dún gooro, láàárín méjèèjì sì ni ọwọ́ tó gbọ́n ti ń ṣa èyí tó wù ú. Ọ̀pọ̀ páàdì kò mọ ju ibi méjì lọ: ojú àti etí. Àwọn kan tó wọ́n gan-an máa ń mọ bí igi ṣe jìnnà sí àárín tó, ṣùgbọ́n wọn kò wọ́pọ̀. Nítorí náà, onílù tó máa ń rọra fà láti àárín lọ sí etí kí ìró lè máa yí díẹ̀díẹ̀ yóò rí i pé kò sí ohun tó yí. Kó fi bí ó ṣe ń gbé igi sókè sílẹ̀ ṣe ìyípadà yẹn dípò.

Nǹkan mẹ́rin tún wà níbẹ̀. Èkíní, lábẹ́ àárín ọ̀pọ̀ páàdì alàwọ̀n ni fóòmù tó gbé nǹkan pẹlẹbẹ yẹn dúró wà. Bí igi bá ba ibẹ̀ gan-an, nọ́ńbà á fò sókè lójijì. Ẹ yà fún un díẹ̀, kẹ́ ẹ sì yan ojú kan náà nígbà gbogbo. Èkejì, bí ẹ bá lu páàdì kan tí ìkejì dáhùn, ìgbọ̀nrìrì ló gba ara irin kọjá. Ẹ fún irin náà le, kẹ́ ẹ sì ṣètò rẹ̀ nínú àpótí. Ẹ̀kẹta, àtẹ́lẹwọ́ àti ìgbálẹ̀ onírin tí a fi ń lu orin jẹ́jẹ́ kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí páàdì, nítorí wọn kì í gbá a, ńṣe ni wọ́n ń fọwọ́ rá a. Ẹ̀kẹrin dára: ọ̀pọ̀ símbálì oníná máa ń dákẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ di etí rẹ̀ mú, gẹ́gẹ́ bíi ti onírin. Ọwọ́ tó bá ti mọ èyí kò ní ohun tó máa tún kọ́ níbẹ̀.

Ìgbà wo lo lù ú?

Ẹ bá mi pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni màá máa pè ní ìdá. Nínú ooru ilẹ̀ wa, ìró máa ń rin nǹkan bíi mítà 350 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé mítà kan máa ń gbà á ní ìdá 3. Ìró ìlù aláwọ tó wà láàárín ẹsẹ̀ onílù máa ń dé etí rẹ̀ ní ìdá 2. Àpótí ọpọlọ náà máa ń fi ìdá mélòó kan ṣèṣirò kó tó dáhùn. Ìyẹn kò tó nǹkan, bí ẹni pé ìlù sún sẹ́yìn ní mítà kan sí méjì ni, ọwọ́ á sì mọ́ ọn lára.

Wàhálà ń bẹ lọ́dọ̀ sípíkà. Bí sípíkà ńlá bá wà níwájú gbọ̀ngàn, tí onílù sì jókòó sẹ́yìn ní mítà 15 sí i, ó ju ìdá 40 lọ kó tó gbọ́ ohun tó lù. Lórí ìlù aláwọ, èyí kò kàn án, nítorí ìlù ara rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Lórí ìlù oníná, bí kò bá sí sípíkà mìíràn, èyí tó pẹ́ yẹn nìkan ló ń gbọ́. Bó bá ń dúró de etí, á máa fà sẹ́yìn, orin á máa wọ́, olùdarí akọrin á sì máa wò ó bí ẹni tó sùn lọ. Ẹ gbé sípíkà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ àga onílù, tàbí kẹ́ ẹ fún un ní ohun ìgbétí oníwáyà. Oníwáyà ni mo wí o. Èyí tí kò ní wáyà máa ń pẹ́ jùyẹn lọ.

Ohun ìgbétí náà ní ewu tirẹ̀. Ìmọ̀ràn àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà ni pé kí ènìyàn má lò ju wákàtí 8 lójúmọ́ lọ nínú ariwo tó tó désíbẹ́ẹ̀lì 85, àti pé bí ó bá ti fi 3 lé e, kí àkókò náà dín sí ìdajì. Ẹ ṣírò rẹ̀ dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ìsìn ìyìn wa kì í parí ní ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó sá fún ariwo jáàsì, tó wá ń fi bọ́tìnnì gbé ariwo kan náà sínú etí ara rẹ̀, kò tíì sá níbì kankan.

Ohun tí ẹ̀rọ kò béèrè

Ọ̀rọ̀ kan Oǹdó báyìí. Iṣẹ́ ìró èdè ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ n gbé e gba ọ̀nà tí mo mọ̀.

Kọ̀ǹgó wà ní ọwọ́ kan onídùndún, ọwọ́ kejì wà lórí ọ̀ṣán. Ọwọ́ kọ̀ǹgó ń lù, ọwọ́ ọ̀ṣán ń fún un kí ohùn lè gòkè, ó sì ń tú u kí ohùn lè sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ lè ní, kò burú, a ó gba ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀, a ó fi wọ́n sórí páàdì mẹ́ta, onílù á sì máa yan èyí tó bá fẹ́. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn á jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ fẹnu yín pe rárá, kẹ́ ẹ tún pe rárà. Nínú rárà, ohùn kejì kò bẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó bọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Ó yọ̀ wálẹ̀ láti òkè. Nínú ìwé, ohùn kejì yọ̀ gòkè láti ìsàlẹ̀. Yíyọ̀ yìí ni ọwọ́ ọ̀ṣán ń ṣe, ẹ̀yìn tí kọ̀ǹgó bá ti kan awọ ló sì máa ń ṣe é. Ẹ rántí ìbéèrè mẹ́ta wa. Gbogbo wọn dá lórí ìgbà tí igi kan páàdì. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe lẹ́yìn náà kò sí nínú wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀ pé àyè yìí ṣófo. Ní 1994, Korg gbé Wavedrum jáde, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ ojú rẹ̀, ìró á yí. Nínú àwọn àpótí Roland kan, ẹsẹ̀ hi-hat lè fa ohùn sókè sódò. Ẹni tó bá ń kọ́ èyí, kó mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀ṣán: kó kọ́kọ́ lù, kó tó tẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tó dára ni. Àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn náà ló ń di hi-hat mú fún gbogbo orin, kò sì lè jẹ́ ìránṣẹ́ ọ̀gá méjì.

Ní ti bọ́tìnnì tí ìgbìmọ̀ Oǹdó rí, ìró ẹnì kan tó lu dùndún níbì kan rí ló wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì náà ní ohùn, kò ní ọ̀rọ̀. Bí ìyá àgbà bá wọlé ìdúpẹ́, kò ní mọ oríkì rẹ̀. Bí alága bá ń yọ owó lápò, kò ní rí i. Ìdáhùn mi fún wọn ni pé kí wọ́n má dá baba onídùndún dúró. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan síwájú rẹ̀, kí onílù oníná sì dín ìlù rẹ̀ kù nígbàkígbà tí dùndún bá ń sọ̀rọ̀. Èyí rọrùn fún un báyìí ju ti àtijọ́ lọ, nítorí ìlù oníná lè lọ sílẹ̀ láìpàdánù adùn rẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wọn. Ọba Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó tí wọ́n bí ní 1946, ti mú ìlù ẹ̀rọ wọ inú jùjú nínú àwo Aura ní 1984. Ìlù ẹ̀rọ náà kò gba ẹnu ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Ó di ilẹ̀ mú, gángan ń fọhùn lórí rẹ̀.

Ẹ má tíì ta jáàsì yẹn

Ìmọ̀ràn kan ló kù, àwọn tó ń bójú tó owó ìjọ ni mo sì ń bá wí. Ẹ má tíì ta ìlù jáàsì àtijọ́. Àwọ̀n máa ń dá igi padà ju bí awọ ṣe ń dá a padà lọ, pàápàá awọ ìlù ńlá ilẹ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé igi dìde. Ọwọ́ tó bá pẹ́ lórí àwọ̀n nìkan á di ọ̀lẹ láìmọ̀. Kí onílù yín padà sórí awọ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Á máa rántí níbẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àti pé, ẹ̀yin náà mọ ìlú tí a wà. Bí iná bá lọ láàárín ìyìn, tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ tí kò dáhùn, páàdì márààrún á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí awọ kan wà nítòsí tí ọwọ́ lè bọ́ sí.